Ìran Tí Kò Di Ìjọ: Ọ̀nà Sundar Singh àti Ọ̀nà Simone Weil

Ní Abẹ́òkúta níbí, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀lé ìran. Ẹnìkan yóò rí ìmọ́lẹ̀, tàbí kí ó gbọ́ ohùn lóru. Yóò gba ààwẹ̀. Àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti ń dàrú. Kò ní pẹ́ tí àwọn aládùúgbò mélòó kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sí pálọ̀ rẹ̀ fún àìsùn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọn yóò ra ilẹ̀, wọn yóò kan páànù, pátákó yóò sì dìde létí títì. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Láfẹ́nwá lọ sí ọ̀nà Rọ́ńdà yóò rí irú pátákó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n to ara wọn lé ara wọn, tí ọ̀dà òmíràn ti ṣí kúrò, tí òmíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà, tí olùdásílẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn èrò inú ọkọ̀ láti ojú àwòrán. N kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣe máa ń rìn láàárín wa ni mo ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ ló sì ti rí láti ìgbà àwọn bàbá wa. Ní 1925 ni ẹgbẹ́ tí Mósè Orímọládé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó gba orúkọ Séráfù, kí Kérúbù tó kún un. Ní 1928 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbọ́ ohùn lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba. Ní Ogere, tí kò jìnnà sí wa, ni Josiah Oṣitẹlu ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ tirẹ̀ ní 1930. Ilẹ̀ Dàhọ̀mì ni Samuel Oshoffa wà ní 1947 nígbà tí ó ríran nínú igbó lọ́jọ́ tí oòrùn wọ òkùnkùn, Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ni wọ́n sì sin ín sí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìran wọ̀nyí tí kò di ìjọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó sì rí ìwòsàn, ìtùnú àti ẹbí nínú wọn, tí àwọn ẹbí tèmi náà wà lára wọn.

Nítorí náà ni ìtàn àwọn méjì kan, tí wọn kì í ṣe ará ibí rárá, ṣe mú mi lọ́kàn. Ọ̀kan ni Sundar Singh, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà. Èkejì ni Simone Weil, ọmọbìnrin ilẹ̀ Faransé. Wọn kò pàdé ara wọn rí. Olúkúlùkù wọn ni ó jẹ́rìí pé Kírísítì fúnra Rẹ̀ tọ òun wá nígbà tí òun kò wá A, kò sì sí èyí tí ó dá ìjọ sílẹ̀ nínú wọn, ì báà ṣe ẹgbẹ́ àdúrà inú yàrá. Àwọn tí ó bá ka ìtàn wọn a máa fi wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan jẹ́ ajíhìnrere tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, èkejì jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí kò gbà kí wọ́n ri òun bọmi. Ní tèmi, mo rò pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì kọ̀, ohun tí wọ́n kọ̀ yẹn ni ó sì jẹ́ kí ó tọ́ láti gbé wọn yẹ̀ wò pọ̀.

A bí Sundar Singh ní 3 oṣù kẹsàn-án 1889 ní abúlé Rampur ní agbègbè Punjab, sínú ìdílé ẹlẹ́sìn Sikh, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà, tí ó rí jẹ tí ó rí mu. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ó máa ń mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn sadhu, ìyẹn àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n ti fi ilé àti dúkìá sílẹ̀, tí wọ́n ń rìn kiri nínú aṣọ pupa rúsúrúsú, tí oúnjẹ wọn kì í ju ohun tí àánú bá ṣe ẹlòmíràn fún wọn lọ. Ìyá náà ń fẹ́ kí ọmọ òun di ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, ìyá kú, ìbànújẹ́ sì di ìbínú. Orí àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé ìwé ni ó dà á lé. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti máa fi wọ́n ṣẹ̀sín, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá 1904, ó mú ìwé Ìhìnrere, ó sì dáná sun ún, bí bàbá rẹ̀, tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, tilẹ̀ ń bá a wí pé kí ló dé tí ó ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ni ó di ẹ̀rí tí ó ń jẹ́ kiri ayé. Ó ní òun dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, òun fi omi tútù wẹ̀ nínú òtútù, òun sì gbàdúrà pé bí Ọlọ́run bá wà, kí Ó fi ara Rẹ̀ han òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò lọ gbé orí lé irin rélùwéè de ọkọ̀ ojú irin aago márùn-ún. (Àwa tí a mọ rélùwéè Láfẹ́nwá mọ bí irin náà ṣe máa ń gbọ̀n rìrì kí ọkọ̀ tó yọ lókèèrè, n kò lè ka ibẹ̀ kí ara mi má bù máṣọ.) Ó ń retí Krishna, òrìṣà àwọn Híńdù, tàbí Buddha. Ìmọ́lẹ̀ kún yàrá náà, Ẹni tí ó rí nínú rẹ̀ sì bi í ní èdè tirẹ̀ pé yóò ti pẹ́ tó tí yóò fi máa ṣe inúnibíni sí Òun. Kò sí ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan ní Aké tí kò ní rántí Sọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà Damásíkù tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn tí kò gba Singh gbọ́ sì fi èyí dì í mú lẹ́yìn ọ̀la: wọ́n ní ohun tí ó ti kà nínú ìwé tí ó sun ni ó padà wá bá a.

Bàbá rẹ̀ lé e jáde. Ó jẹ́rìí pé wọ́n fi májèlé sínú oúnjẹ ìkẹyìn tí òun jẹ nínú ilé náà, pé díẹ̀ ló kù kí òun kú lójú ọ̀nà. Ní 3 oṣù kẹsàn-án 1905, ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Simla. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó wọ aṣọ sadhu. Ibí yìí gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kò wọ kóòtù àti táì bí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó yí padà nígbà náà ti ń ṣe ní Íńdíà àti lọ́dọ̀ tiwa níbí. Aṣọ tí ìyá rẹ̀ tí ó ti kú ń fẹ́ kí ó wọ̀ ni ó wọ̀, ó fi tẹ̀lé Kírísítì, ó sì ń rìn láìwọ bàtà pẹ̀lú kúbùsù kan àti Májẹ̀mú Titun kan. Ó máa ń sọ ìtàn Bírámínì kan, ìyẹn ọmọ ìdílé àlùfáà Híńdù, tí ó dákú nínú oòrùn ní ibùdókọ̀ ojú irin, tí ó kọ omi tí wọ́n gbé fún un nínú ife àjèjì, àfi ìgbà tí wọ́n bu omi yẹn kan náà sínú ìkòkò idẹ tirẹ̀ ni ó tó mu. Ó ní ohun tí àwọn míṣọ́nnárì kò tètè mọ̀ nìyẹn.

Ní nǹkan bí 1909 ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Áńgílíkà ní Lahore, ó sì lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ láti wàásù. Nígbà tí ó yé e pé ìwé náà kò jẹ́ kí ó lè wàásù níbikíbi tí ó bá wù ú, pé agbègbè bíṣọ́ọ̀bù kan ni ó mọ sí, tí yóò sì máa gba àyè kí ó tó bá àwọn ìjọ mìíràn wàásù, ó dá ìwé náà padà fún Bíṣọ́ọ̀bù Lefroy. Kò bínú kúrò nínú ìjọ, kò sì sọ̀rọ̀ ìjọ láìdáa. Ó kàn dá ìwé padà, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sí orí àwọn òkè Himalaya àti Tibet, láàárín àwọn adẹ́tẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ń sọ òkò lù ú.

Òkìkí dé. Ní 1920 ó wàásù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Australia, bàbá rẹ̀ tí ó ti lé e jáde nígbà kan rí sì ni ó san owó ọkọ̀, nítorí òun náà ti gba Kírísítì. Ní 1922 ó tún lọ sí Switzerland, Jámánì, Sweden àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí wọn ká. Níbẹ̀ ni ó ti sọ fún wọn nípa òkúta kan tí òun yọ láti inú odò orí òkè, tí ó ti wà nínú omi láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ gbẹ táútáú nígbà tí òun fọ́ ọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ṣe wà nínú ẹ̀sìn Kírísítì. Ẹ fojú inú wo irú ìgboyà tí ó gbà láti sọ bẹ́ẹ̀ sí ojú àwọn tí wọ́n pè é wá.

Ọ̀nà Simone Weil yàtọ̀. Wọ́n bí i ní Párísì ní 3 oṣù kejì 1909, sínú ìdílé Júù tí kò ka ẹ̀sìn kankan sí. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, André, sì di àgbà onímọ̀ ìṣirò. Ọmọdé ni nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí ó fi kọ ṣúgà sílẹ̀ nítorí àwọn sójà ojú ogun kò rí ṣúgà lá. Ó kàwé dé òkè, ó di olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Ní ìparí 1934 ó tọrọ àyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó lọ ń ṣe lébìrà ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí iná ìléru ti ń jó o lọ́wọ́ tí àwọn ọ̀gá sì ń pariwo mọ́ ọn pé kò yára. Ó parí rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Renault ní 1935. Ó ti ní túúlu tí kì í fi í sílẹ̀ kí ó tó lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó ní wọ́n ti fi àmì ẹrú sí òun lára.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sinmi ní ilẹ̀ Pọ́túgà. Ní abúlé apẹja kan, ní alẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún, ó rí àwọn ìyàwó apẹja tí wọ́n ń fi àbẹ́là yí àwọn ọkọ̀ ojú omi ká, tí wọ́n ń kọ orin àtijọ́ tí ó bani lọ́kàn jẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni ó ti dá òun lójú pé ẹ̀sìn àwọn ẹrú ni ẹ̀sìn Kírísítì, pé ẹrú kò lè ṣe kí ó má gbà á, àti pé òun náà wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ nípa Weil ka gbólóhùn yìí sí àsọdùn ọ̀mọ̀wé. Ní Abẹ́òkúta, kò lè rí bẹ́ẹ̀ sí wa. Àwọn Sàró tí wọ́n mú ìwé àti ìsìn wọ ìlú yìí, ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun ni wọ́n, tàbí ọmọ wọn. Àjàyí Crowther tí ó bá àwọn míṣọ́nnárì dé síbí ní 1846, tí ó sì bá ìyá rẹ̀ pàdé níbí lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní ogún, ọmọdé tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ni. Obìnrin ará Párísì náà gbé ìmọ̀ rẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn apẹja, ó sì kan ibi tí ìtàn tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1937, ní ilé ìsìn kékeré kan ní Assisi ní Ítálì, ohun kan tí ó ní ó lágbára ju òun lọ mú un kúnlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde 1938 ó wà ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Solesmes, túúlu ń fọ́ ọ lórí, ó sì ń tẹ́tí sí orin wọn títí ó fi lè fi ara tí ń dùn ún sílẹ̀ ní igun kan, kí inú rẹ̀ sì máa dùn lọ́tọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ kí ó mọ ewì George Herbert, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, tí ó sọ nípa Ìfẹ́ tí ń gba àlejò wọlé tí àlejò sì ń fà sẹ́yìn. Ó kọ́ ọ sórí. Nígbàkigbà tí orífífọ́ bá le, ó máa ń kà á ní àkàtúnkà, ó rò pé ewì dáradára lásán ni òun ń kà, nígbà tí ó sì yá, bí ó ti ń kà á lọ́wọ́, Kírísítì sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Kò rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́ ohùn. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni wíwà níbẹ̀ Ẹnìkan tí ó nífẹ̀ẹ́ òun.

Ó ní òun kò ka ìwé àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, inú òun sì dùn pé òun kò kà á, kí ó lè dá òun lójú pé òun kò hùmọ̀ rẹ̀. Ẹ fi èyí wé ti Singh, tí ìran rẹ̀ ní gbogbo àwọ̀ ìtàn Sọ́ọ̀lù. Ó tó ọdún mẹ́rin kí Weil tó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nínú lẹ́tà sí ènìyàn méjì péré ní 1942, nígbà tí ó fẹ́ fi ìlú Marseille ní Faransé sílẹ̀ fún Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni Fadá Perrin, àlùfáà Dòmíníkì tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Lẹ́yìn ikú Weil ni àwọn ènìyàn tó kà á. Singh ń jẹ́ ẹ̀rí tirẹ̀ lórí pẹpẹ káàkiri ayé. Ẹ̀rí tí a bá ń jẹ́ lójoojúmọ́ a máa gbèrú, gbogbo ẹni tí ó bá ti jókòó sí ibi ìjẹ́rìí ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ìlú yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Singh sọ nípa arúgbó kan tí òun bá nínú ihò àpáta ní òkè Kailas, tí ó ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kún Yúróòpù, Oskar Pfister, pásítọ̀ ní Zürich tí ó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, dìde pé irọ́ àti àlá ni ó pọ̀ nínú ìtàn wọ̀nyí. Friedrich Heiler, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Marburg, dìde láti gbè é lẹ́yìn. N kò gba ìtàn arúgbó Kailas gbọ́. Mo gba òwúrọ̀ Rampur gbọ́, nítorí ohun tí ó ná an: ilé, bàbá, ogún, díẹ̀ ló sì kù kí ó ná an ní ẹ̀mí rẹ̀.

Kí ló dé tí Weil kò gba ìrìbọmi? Perrin rọ̀ ọ́ títí. Ó gbà pé Kírísítì ni Olúwa, ó ń jókòó níwájú Ara Olúwa fún wákàtí, ṣùgbọ́n ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ pọ̀, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ bí agbẹjọ́rò. Ó ní ohun tí òun fẹ́ràn tí ó sì wà lóde ìjọ pọ̀ jù, àwọn Gíríìkì àtijọ́, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, àwọn ènìyàn tí wọn kò gbàgbọ́. Bí òun bá wọlé, òun ti fi wọ́n sílẹ̀ nìyẹn. Ó tún ní ẹ̀rù ìfibú ń ba òun, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìjọ fi ń gé ènìyàn kúrò. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó wọ̀ mí lára ju gbogbo wọn lọ. Ó sọ fún Perrin pé bí ogún ọ̀dọ́ Jámánì bá dúró níwájú òun tí wọ́n ń kọ orin Násì, ẹgbẹ́ Hitler, apá kan nínú ọkàn òun yóò di ti Násì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà, adùn wíwà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sá fún, kò jẹ́ fi í pe Ẹ̀mí Mímọ́.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wà ní àìsùn rí ní ìlú wa mọ ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ní aago méjì òru, kíbọọ̀dù ti rọlẹ̀, gángan ń sọ̀rọ̀, olórin ń pe gbólóhùn kan ní àpètúnpè, àtẹ́wọ́ sì ti di ọ̀kan ṣoṣo: omijé a máa dà lójú ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń gbàdúrà sí. Èmi náà ti sunkún bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé Ẹ̀mí kò sí nínú rẹ̀. Weil kò ní gbà fún mi kí n sọ pé Ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ títí n ó fi dá ìlù yọ kúrò, kí n sì wo ohun tí ó ṣẹ́kù. Singh kò ní irú ìbẹ̀rù yìí. Níbi tí àwọn ènìyàn bá pọ̀ sí ni ó ń lọ, ó sì ń padà sí orí òkè láti dá wà. Ó ní òun máa ń lọ nínú ẹ̀mí fún wákàtí púpọ̀, tí àgbọ́n ta òun nígbà kan tí òun kò mọ̀. Ìdánìkanwà ni ó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, Weil sì ń fi àtakò inú ṣe é.

Ohun kan wà tí mo fi gbé Singh lékè. Ó kó ìyá rẹ̀ dání wọ inú ìgbàgbọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúrà wa náà ṣe kó ìlù, àlá àti omi odò dání. Weil nífẹ̀ẹ́ Gíríìkì, ó nífẹ̀ẹ́ Íńdíà, ó ní ọ̀rọ̀ ìyanu nípa gbogbo ẹ̀sìn tí ó wà lóde ìjọ, àyàfi ti àwọn baba ńlá rẹ̀. Ó kọ̀wé nípa Ísírẹ́lì àti Májẹ̀mú Láéláé pẹ̀lú ìkannú tí ó burú, ní ọdún kan náà tí wọ́n ń kó àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù lọ pa. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ a máa rọra gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. N kò rí bí a ṣe lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó ní òun kò ní wọlé nítorí àwọn tí ó wà lóde, ó yẹ kí ó rí àwọn tí ó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn tí ó wà lóde.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún mú wọn pàdé. Ní 1913, Singh wọ inú igbó láti gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ bí Olúwa rẹ̀. Agbára rẹ̀ tán kí ó tó parí, àwọn tí wọ́n rí i gbé e jáde bí òkú, ìròyìn ikú rẹ̀ sì ti jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó yè é, kò sì sọ ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ di òfin fún ẹnikẹ́ni. Weil dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí 1942 láti bá àwọn ọmọ ogun òmìnira Faransé ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun àti àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn ránṣẹ́ sí iwájú ogun gan-an, de Gaulle, olórí wọn, sì ní orí rẹ̀ kò pé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un ní 1943. Ó kọ̀ láti jẹ ju ohun tí ó gbà pé àwọn ará Faransé ń rí jẹ lábẹ́ Jámánì, ó sì kú ní Ashford ní 24 oṣù kẹjọ ọdún náà, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìdájọ́ àwọn tí ó wádìí ikú rẹ̀ ni pé ó fi àìjẹun pa ara rẹ̀ nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Níbí, a máa ń gbààwẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè ṣí, kí físà lè jáde, kí ọkọ lè dé. Weil kò bèèrè ohunkóhun, ìwà mímọ́ ńlá sì wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò lè pe gbogbo rẹ̀ ní ìwà mímọ́. Àìsàn wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnìkan tí ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fi agídí bọ́ ọ.

Ohun tí mo mú lò lọ́dọ̀ rẹ̀ jù ni àdúrà. Nígbà ìkórè èso àjàrà ní 1941, ó kọ́ Àdúrà Olúwa sórí ní èdè Gíríìkì, ó sì fi ṣe òfin fún ara rẹ̀ láti kà á lẹ́ẹ̀kan láràárọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkàn. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣáko díẹ̀, yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń ka àdúrà yẹn níbi ìpéjọ òwúrọ̀ nílé ìwé tàbí ní ìparí ìpàdé ẹgbẹ́, tí a ti dé «àmín» kí ẹni tí ó sọ pé kí a dìde tó dìde tán. Mo gbìyànjú ọ̀nà tirẹ̀. «Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run» a máa lọ geere, «kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ» náà a lọ. Tí mo bá fi dé «oúnjẹ òòjọ́ wa», ọkàn mi ti wà ní Kútọ̀, ó ń ná owó gaàrí. Kò sí ìlù tí yóò gbé ènìyàn dé òdìkejì. Singh ń sọ pé kí n fi ilé sílẹ̀, n kò sì ní fi í sílẹ̀. Weil ń sọ pé kí n dúró lórí gbólóhùn tí ó wà níwájú mi.

Ìwé àṣẹ tí Singh dá padà ní Lahore àti ìrìbọmi tí Weil kò gbà ní Marseille, nǹkan kan náà ni lójú mi. Ọ̀kan wọlé, èkejì kò wọlé, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kọ ọgbà tí yóò pín wọn níyà kúrò lára ẹni tí ó wà ní òdìkejì. Nígbà tí Weil wà ní New York ní 1942, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi àwọn aláwọ̀ dúdú ní Harlem ni ó ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀nà Tibet ni Singh gbà ní oṣù kẹrin 1929, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó ti pátákó.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìtàn wọn na àwọn ìjọ wa ní pàṣán kò ní rí i ṣe. Ilé ìwé míṣọ́nnárì ni Singh ti rí ìwé tí ó sun. Àwọn mọ́ńkì tí wọ́n ń kọ orin kan náà láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún ni wọ́n kọ ọ́ fún Weil ní Solesmes, àlùfáà ìjọ abúlé ni Herbert, orin ìjọ sì ni àwọn ìyàwó apẹja ń kọ ní Pọ́túgà. Weil fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí Perrin pé òun fẹ́ràn orin ìjọ, ilé ìjọsìn rẹ̀, ìlànà rẹ̀ àti àwọn ẹni mímọ́ rẹ̀, pé ìjọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan wọ̀nyí, ni òun kò fẹ́ràn. Mo ti ka gbólóhùn náà lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì tíì mọ bí ó ṣe rò pé òun yóò rí àwọn tí yóò máa kọ orin náà bí gbogbo ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú òun.